Sábó Ìbàdàn, Sábọ̀n Gàrí Kánò

Ọ̀rọ̀ àdúgbò ni ẹ ní kí n wá sọ. Ara orúkọ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá sọ ní Ìbàdàn pé òun ń lọ sí Sábó, a mọ̀ pé àdúgbò àwọn Hausa ló ń lọ. Ní Kánò ńkọ́? Sábọ̀n Gàrí ni wọ́n ti ń wá Yorùbá, Ìgbò àti àwọn ará Gúúsù yòókù. Orúkọ kan náà ni méjèèjì. “Ìlú tuntun” ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hausa. Onílé ní Ìbàdàn di àlejò ní Kánò, onílé Kánò náà sì di àlejò ní Ìbàdàn.

Ojú irin ló bí Sábọ̀n Gàrí. Nígbà tí rélùwéè dé Kánò ní 1911, àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò tẹ̀ lé e wá láti Gúúsù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ àwọn tó wà nínú odi lábẹ́ Ẹ́míà, nítorí náà ni wọ́n ṣe gé ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ń gbé lọ́tọ̀ ní Nasarawa. Tudun Wada sì wà fún àwọn ará Àríwá tí kì í ṣe ọmọ Kánò. Òfin amúnisìn ni ìyàsọ́tọ̀ yìí, kì í ṣe àṣà bàbá ńlá ẹnikẹ́ni. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé ni Yorùbá ti wà nínú odi gan-an, ní Ayagi, níbi tí àtọmọdọ́mọ wọn ti ń sọ Hausa lónìí.

Yorùbá pọ̀ ní Sábọ̀n Gàrí ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Sàró àti Gold Coast wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó yá, Ìgbò wá pọ̀ jù. Ní oṣù Karùn-ún 1953, àríyànjiyàn àwọn olóṣèlú lórí ìgbà tí a óò gba òmìnira di ìjà ìgboro. Ẹgbẹ́ Action Group ló fẹ́ wá ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n Ìgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló forí fá a jù. Ènìyàn 36 ni ìjọba kà pé ó kú.

Èyí tó burú jùlọ dé ní 1966. Wọ́n pa Ìgbò púpọ̀, àwọn tó kù sá lọ, ilé wọn ṣófo, àwọn mìíràn sì wọ ibẹ̀ láti gbé. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí. Nígbà tí Audu Bako jẹ́ gómìnà Kánò, ìjọba rẹ̀ ń gba owó ilé lórí àwọn ilé wọ̀nyẹn, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1970, àwọn onílé padà wá, wọ́n gba ilé àti owó wọn. Ní Port Harcourt, ọ̀rọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ẹjọ́ àti ìkùnsínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sí èmi, ìwé owó ilé yẹn ṣe ju ọ̀pọ̀ ìwàásù ìṣọ̀kan lọ, nítorí òun ló mú kí Ìgbò lè tún padà gbé Sábọ̀n Gàrí.

Abala 43 nínú òfin ìpilẹ̀ ọdún 1999 fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, tí ọmọ tí a bí sí Sábọ̀n Gàrí ṣì ní láti lọ gbà ní ìlú bàbá bàbá rẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé aráàlú ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní kíkún níbi gbogbo. Ìjọba kò tíì ṣe é tán. Ṣùgbọ́n kí àwa náà tó béèrè èyí ní Kánò, ẹ jẹ́ kí a rántí ọmọ Hausa tí a bí sí Sábó Ìbàdàn, tí a ṣì ń bi pé ìgbà wo ni yóò lọ sílé.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín sí. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà fóònù àwọn olórí Ìgbò àti Hausa tó wà ní àdúgbò rẹ̀, kí a lè pè wọ́n kí a tó fi ìròyìn ìjà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èkejì, ìwé ìpàdé àtijọ́ àti rìsíìtì owó ilé tí àwọn bàbá yín fi sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ kó wọn wá, a óò ya ẹ̀dà wọn, a óò sì dá ti yín padà.