Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Béèrè Kó Tó Kọ Nóòtì

Èmi náà ni mo tún dé láti Òmù-Àrán. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, bó jẹ́ pé aṣọ lẹ̀ ń fọ̀, ẹ ti íápíìsì bọ etí, kẹ́ ẹ máa bá mi bọ̀. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí fíṣíìsì àti ìṣirò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sá lọ!

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe jẹun. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ìgbì ohùn lórí kọ̀ǹpútà, tí mò ń gé e, tí mò ń tò ó. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa ìgbì ohùn ní sẹ́kọ́ńdìrì, a ò gbọ́ ìró kankan nínú kíláàsì àfi ìró ṣọ́ọ̀kì. Olùkọ́ kọ ìtumọ̀ sójú pátákó, a dà á kọ, a há a sórí, a lọ dà á sínú ìwé ìdánwò. Mo gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi mí nígbà náà pé kí ló dé tí ohùn gángan fi ń ròkè bí onílù bá fún un mọ́ abẹ́ apá, mi ò ní rí nǹkan kan sọ. Bẹ́ẹ̀, kò sí ìgbéyàwó tí mo lọ tí mi ò gbọ́ gángan níbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn lè gbà kọ́ni. Olùkọ́ á gbé nǹkan síwájú àwọn ọmọ, á bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Wọ́n á sọ èrò wọn, wọ́n á dán an wò, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n á sì jiyàn lé e lórí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni olùkọ́ á tó mú ìtumọ̀ inú ìwé wá. Iṣẹ́ olùkọ́ ò dín kù rárá. Kódà, ó pọ̀ sí i, torí ó gbọ́dọ̀ mọ ìbéèrè tó yẹ kó béèrè.

Ṣé nǹkan òkèèrè nìyẹn? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ilé-Ifẹ̀.

Lọ́dún 1970, àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n ya àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn yòókù fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ délẹ̀ ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì rẹ̀yìn.

Èmi ò rò pé idán kankan wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ̀rọ̀ ò lè ráyè béèrè ìdí. Bó bá ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ìbéèrè á jáde.

Ẹ gbọ́ èyí tó wù mí jù. Helen Verran, obìnrin ará Ọsirélíà, kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀ láàrin ọdún 1979 sí 1986. Ó sọ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2001 nípa olùkọ́ Yorùbá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wọn nǹkan. Olùkọ́ náà pín okùn àti káàdì kékeré fún wọn. Wọ́n fi okùn wọn gíga ara wọn, wọ́n wé okùn náà mọ́ káàdì, wọ́n sì ka iye ìgbà tó yí i ká. Ó kọ́kọ́ ya Verran lẹ́nu, torí kò bá bí òun ṣe mọ̀ ọ́n mu. Àmọ́ ó yé àwọn ọmọ kedere.

Kò yẹ kó ya àwa lẹ́nu. Ẹ wo 45: márùn-dín-láàádọ́ta. Ẹ mú ogún lọ́nà mẹ́ta, ọgọ́ta nìyẹn. Ẹ yọ mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta. Ẹ tún yọ márùn-ún. Ìṣirò odindi wà nínú orúkọ nọ́ńbà kan ṣoṣo! Ta ló ń bi ọmọ pé kó wá ìdí rẹ̀?

Ní báyìí, ẹ wo ibi tọ́rọ̀ dé. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ó ní àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí ni ìdánwò ń fìdí wọn rẹmi. Ìbéèrè tèmi ni pé: ìwé Yorùbá dà, olùkọ́ tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ dà? Ifẹ̀ kọ ìwé, wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, kó tó di pé wọ́n wọn èsì. Òfin tí ò ní ìwé lẹ́yìn, ọkọ̀ tí ò lépo ni. Kò sì yẹ ká torí àìsí epo sọ pé ọkọ̀ ò dáa.

Kí la lè ṣe ká tó rí ẹni yí òfin padà? Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba áàpù kan tó ń jẹ́ phyphox, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn onímọ̀ fíṣíìsì ní yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ló gbé e jáde lọ́dún 2016, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi fóònù ṣe ìwádìí. Ẹ ṣí Audio Autocorrelation. Ẹ pe àwọn àbúrò yín jọ, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ohùn dò, re, mí pe "à", "a", "á", kí wọ́n fa ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bi wọ́n: èwo ni nọ́ńbà rẹ̀ máa pọ̀ jù? Nọ́ńbà Hz tó máa jáde ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n á rí i tó ń ròkè láti dò dé mí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá gángan. Ẹ lù ú láì fún un, ẹ fún un díẹ̀, ẹ fún un gidi. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé: kí ló yí padà lára ìlù yẹn? Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni kan á fọwọ́ kan awọ rẹ̀, á ní, "Ó ti le sí i!" Fíṣíìsì nìyẹn. Bí awọ bá ṣe le tó ni yóò ṣe yára gbọ̀n tó. Bí wọ́n bá ya nọ́ńbà wọ̀nyẹn sórí ìwé gíráàfù, ìṣirò ti wọlé.

Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa kọ́ni, ẹ̀yin ọmọ Yunifásítì Landmark tẹ́ ẹ wà níbí láàrin wa, wákàtí kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ìdánwò WAEC ń bọ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ọmọ tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ wá ìdáhùn, nóòtì tó bá kọ lẹ́yìn náà kò ní tètè fò lọ lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá dán ti gángan yìí wò, kó fi nọ́ńbà tó rí ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà á fi tèmi hàn yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà kan ná o.