Títọ́ Ọ̀dọ́-Àgùntàn Tí Kò Ní Ìyá

Ọ̀rọ̀ tí a dìde láti sọ lónìí kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ni. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín, ní Jos àti Kaduna, àní títí dé Kumasi àti Cotonou, ti ra abo àgùntàn méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀hìnkùlé, kí ẹ lè rí àgbò tà nígbà ọdún Iléyá, kí owó ilé-ìwé ọmọ sì jáde níbẹ̀. Àwọn opó kò gbẹ́hìn nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ìyá ẹran bá kú lórí ìkúnlẹ̀, ìdajì ọrọ̀ opó náà ti lọ. Bí ọmọ ẹran náà bá tún tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, ọkàn obìnrin náà a kúrò nínú ẹran sínsìn pátápátá.

Ikú nìkan kọ́ ni ó ń sọ ọmọ ẹran di aláìníyàá. Ìyá lè bí mẹ́ta, kí wàrà rẹ̀ má ká a. Ọmú rẹ̀ lè wú, kí ó le, kí ó má sun. Òmíràn a sì kọ ọmọ rẹ̀, a máa fi orí kàn án dànù. Onílé a gbọ́ igbe ọmọ náà, àánú a ṣe é, a gbé e wọlé. Àánú yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́ láìfi bò: àánú tí kò ní ìmọ̀ ti pa púpọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni wàrà tí ó kọ́kọ́ sun láti ọmú ìyá, èyí tí ó ki, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọmọ ènìyàn ti ń gba ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kí a tó bí i. Ti ọ̀dọ́-àgùntàn kò rí bẹ́ẹ̀. Inú wàrà àkọ́kọ́ yìí ni ààbò rẹ̀ wà. Ìfun rẹ̀ a máa gbà á dáradára ní wákàtí 6 àkọ́kọ́, lẹ́hìn wákàtí 24 ilẹ̀kùn náà ti tì, kò sì sí wàrà mìíràn tí yóò ṣí i. Ọmọ àgùntàn kúkúrú ti ìhà gúúsù, tí ó wọn kílò 2, yẹ kí ó mu tó mílílítà 100 láàárín wákàtí 6 náà, kí ó sì tó 400 kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọmọ àgùntàn Yankasa ti Òkè Ọya tóbi jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi kún tirẹ̀. Ẹ wo àmì tí ó wà lára igò ọmọ ọwọ́, kí ẹ má fojú díwọ̀n.

Níbo ni a ó ti rí i? Lára àgùntàn mìíràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí lára ewúrẹ́. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amómidì lè fún díẹ̀ pamọ́ nígbà tí ẹran bá bímọ ní ìrọ̀rùn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, inú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ gbé e sí kí ó yọ́. Bí ẹ bá gbé e ka iná, agbára rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ fi áyódíìnì kan ìwọ́ ọmọ náà pẹ̀lú, nítorí ojú ọ̀nà àìsàn ni.

Kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun, ẹ ti ìka bọ ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu náà bá tutù, òtútù ti mú un. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru ná. Oúnjẹ kì í dà nínú ọmọ tí ó tutù. Ní Jos nígbà ọyẹ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí.

Bí abo àgùntàn mìíràn bá wà tí ọmọ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ gbìyànjú láti fi ọmọ yìí sọ́dọ̀ rẹ̀. Òórùn ni ìyá fi ń mọ ọmọ. Àwọn darandaran a máa bó awọ ọmọ tí ó kú, wọn a fi wọ aláìníyàá náà, kí ìyá lè gbà á. (Ẹ rántí Jékọ́bù àti awọ ewúrẹ́ níwájú Ísáákì.) Bí èyí bá ṣeé ṣe, ó sàn ju igò lọ.

Bí kò bá ṣeé ṣe, igò kù. Wàrà ewúrẹ́ dára. Wàrà màlúù tútù tí a rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní dára bákan náà, bí a bá sè é kí ó hó, tí a sì jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wàrà àgùntàn lọ́ràá tó ìlọ́po méjì ti màlúù, nítorí náà ẹ má ṣe bu omi là á. Mílíìkì alágolo tí a kò yọ ọ̀rá rẹ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gun òkè. Ní tiwa, a kò rí i pé ó tọ́ kí á gba mílíìkì lẹ́nu ọmọ inú ilé fún ọmọ ẹran. Ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀, kí ó fi ọ̀dọ́-àgùntàn náà fún arákùnrin tí ó ní ewúrẹ́ tí ń fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n jọ pín èrè rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rọ ọ́ bí a ti ń rọ ọmọ ní àgbo láyé àtijọ́. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sí orí ẹsẹ̀, tí ẹ sì dà á sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ni wàrà ń lọ, ọmọ náà a sì kú pẹ̀lú ikọ́. Ẹ jẹ́ kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó gbé orí sókè díẹ̀, kí ó fa rọ́bà igò náà fúnra rẹ̀.

Ìwọ̀nba ni kí ó máa mu. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ ó jí lóru. Ọmọ kílò 2 kò nílò ju mílílítà 400 lọ ní ọjọ́ kan. Bí ó bá ń ké lẹ́hìn tí ó mu ún, ẹ má dá a lóhùn. Igbe rẹ̀ ni ó ń tan àwọn aláàánú jẹ. Wọn a tún fi kún un, ikùn a wú, ìgbẹ́ gbuuru a bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbẹ́ náà bá ti dé, ẹ dá wàrà dúró lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ ọwọ́. Ẹ fi omi gbígbóná fọ igò ní gbogbo ìgbà.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ gbé omi mímọ́, koríko múlọ́múlọ́ àti èérí ọkà síwájú rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ nínú oòrùn dáradára kí ó tó jẹ ẹ́, nítorí májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Bí ó bá ń jẹun gidi ní ọ̀sẹ̀ 8, a lè já a lẹ́nu wàrà díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ wá oníṣègùn ẹran fún abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn PPR, èyí tí ń mú kí imú ṣàn, kí ẹnu di egbò, kí ìgbẹ́ sì máa dà. Côte d'Ivoire ni a ti kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1942, ó sì ti tú agbo ẹran púpọ̀ ká láti ìgbà náà. Ilé ìwádìí àìsàn ẹran ti ìjọba ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ akọ. Àgbò tí a fi igò tọ́ kì í bẹ̀rù ènìyàn, nítorí náà bí ó bá dàgbà a máa kan ènìyàn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. A lè tẹ̀ ẹ́ lọ́dà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ra ẹran Iléyá sábà máa ń béèrè èyí tí a kò tẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà á báyìí, kí ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé láti kékeré rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tì í níwájú orí ṣeré, kí ó sì so ó mọ́ ibi tí ó jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sí ilé-ìwé.