Ṣé Ó Yẹ Kí A San Owó-Orí Lórí Wúrà Tí A Fi Pamọ́?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀)

 

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe rí. Owó ẹyọ làwọn baba ńlá wa ná. Òyìnbó gbé ṣílè fàdákà dé, ní 1920 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ ọ́. Náírà dé ní 1973. Ẹni tó ri owó ẹyọ mọ́lẹ̀, òfo ló hú jáde; ẹni tó fi wúrà pamọ́ ṣì ní nǹkan lọ́wọ́.

Ṣé ó wá yẹ ká san owó-orí ọjà, ìyẹn VAT, lórí irú wúrà bẹ́ẹ̀? Láti oṣù kejì ọdún 2020, 7.5% ni VAT lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: tí wọ́n bá gbà á lórí wúrà ₦1,000,000, ₦1,075,000 lẹ máa san. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, kò sẹ́ni tó máa ka ₦75,000 yẹn sí. Ẹ ti pàdánù kẹ́ ẹ tó délé! Bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi náírà ra dọ́là kì í san VAT lórí dọ́là náà.

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 2000, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba VAT lórí wúrà ìfipamọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n: wúrà tí wọ́n dà bíi bíríkì gbọ́dọ̀ mọ́ tó 99.5%, owó wúrà gbọ́dọ̀ mọ́ tó 90%. Ẹ̀gbà ọrùn àti fàdákà kò sí níbẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ní 2020, Báńkì Àpapọ̀ ra wúrà kílò 12.5 tó ti ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà kéékèèké wá, ní nǹkan bí ₦268 mílíọ̀nù. Ní 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rí wúrà ní Segilola, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí. Tí ìjọba bá ń fi wúrà pamọ́, kí ló ṣe àwa?

Ẹnì kan á ní olówó nìkan lèyí máa ṣe láǹfààní. Òótọ́ ń bẹ ńbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó jẹ́ owó wúrà kéékèèké, tó ní òǹtẹ̀, tí tíṣà àti oníṣòwò lè máa rà díẹ̀díẹ̀, la máa yọ owó-orí kúrò lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń wa ilẹ̀ wa kò gbọ́dọ̀ sá sábẹ́ rẹ̀ o. Kí wọ́n san gbogbo ohun tí òfin bù fún wọn, nítorí gbogbo wa la rí bí ìwakùsà ṣe sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n. Ẹni tó ń fi pamọ́ la ní kẹ́ ẹ dá sí, kì í ṣe ẹni tó ń wà á.

Ẹ bá wa sọ ọ́ fáwọn aṣòfin tẹ́ ẹ bá mọ̀.