Ìtàn Ṣàngó Nínú Ìwé Kíkà Ìjọ



A kò bá ìjọ jà pé ó fi ẹ̀sìn sínú ìwé tí ó fi ń kọ́ ọmọ. Ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fi ohun tí ó gbà gbọ́ kọ́ni níbẹ̀, àwa náà kò sì gbàgbé iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther ṣe sórí èdè wa nítorí ìhìn rere. Ọ̀nà tí ìgbàgbọ́ ń gbà wọ inú ìwé ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìwé Kíkà Ẹ̀kẹrin tí A. L. Hethersett kọ, tí àwọn bàbá wa kà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Yorùbá inú rẹ̀ dùn jọjọ. Ìwọ̀nba ni ìwé òde òní tí ó lè bá a dọ́gba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kà nípa Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́ tí ó pokùnso, àti pé ìbẹ̀rù iná ni ó mú kí àwọn ènìyàn máa wí pé ọba kò so. Àlùfáà Samuel Johnson pẹ̀lú kọ ọ́ pé ó so, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn adóṣù Ṣàngó wò!

Bí ó bá jẹ́ ìwàásù ni, ọmọ ìbá mọ̀ pé ìwàásù ni. Ó tilẹ̀ lè sùn lọ. Ìtàn ni a pè é, olùkọ́ sì mú un kà á sókè. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ gbé eré Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, Ṣàngó so nínú eré náà pẹ̀lú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kọ̀wé lé e lórí: ọ̀tá ẹ̀sìn ni ó sọ ìtàn, ọmọ onílé ni ó gbà á gbọ́.

Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí ìjọ kọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sínú ìwé ní orúkọ ara rẹ̀, láìfi bò. Níbi tí ó bá ti kan òrìṣà, kí ó kọ ọ́ pé, báyìí ni àwọn oníṣàngó wí, báyìí ni àwa wí. Ẹ̀yin olóyè tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni a fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́, kí a tó tún ìwé mìíràn tẹ̀.