Nígbà Tí Mo Gé Ìlù Onílù Sí Wẹ́wẹ́

Láti ìlú Ìlọrin Gẹ̀rí Àlímì ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, nínú yàrá kékeré tí mo sọ di sítúdíò ní Táńkẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ lábẹ́nú, ẹ má bínú, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí gígé ìlù. Àwọn tó ń ṣe beat láàárín yín mọ ohun tí à ń pè ní breakbeat: ibi tí àwọn ohun èlò orin yòókù ti dákẹ́, tó wá ku onílù nìkan. Èèyàn á mú ibẹ̀, á gé e sí ègé kéékèèké nínú FL Studio tàbí Ableton Live, á sì tún un tò bó ṣe wù ú. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn wá láti inú orin "Amen, Brother" tí ẹgbẹ́ The Winstons gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969. Gregory Coleman ló lu ìlù náà. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 7 lọ, bar mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fa púpọ̀ nínú orin jungle àti drum and bass yọ. Coleman kú ní 2006, kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ níbẹ̀.

Èèyàn lè fọwọ́ to àwọn ègé yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ilẹ̀ á ti ṣú kó tó to bar mẹ́jọ tán. Ọ̀nà kejì ni kéèyàn ṣe òfin kalẹ̀, kí kọ̀ǹpútà wá máa ṣẹ́ kèké láàárín òfin náà. Nick Collins, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ BBCut fún SuperCollider ní bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn. Ọ̀fẹ́ ni SuperCollider, ẹ lè wá a, ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Ẹ lè fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín ṣe é.

Bí èmi ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń pín bar kan sí ọ̀nà 16. Snare sábà máa ń wà ní ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹtàlá. Mi ò kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fọwọ́ kan méjèèjì yẹn, torí bí wọ́n bá ti yẹ̀, ẹsẹ̀ oníjó ò ní mọ ibi tó máa balẹ̀. Ègé tó bá jẹ́ hi-hat lè gba ipò hi-hat mìíràn, kick lè gba ipò kick, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kí ègé kan máa ta kókó, kó máa tún ara rẹ̀ sọ bíi akólòlò, bar kẹrin nìkan ni mo fún láyè ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni màá jẹ́ kó máa lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún, màá sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ohùn gidi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Bí kèké bá ti bọ́ sílẹ̀ báyìí, kò ní bọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́la. Màá wá mú bar mẹ́jọ tó dùn jù, màá ju ìyókù nù.

Ẹni tó kọ́ mi pé kí ìyípadà náà má pọ̀ ni Tony Allen. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i ní 1940, ó sì kú ní Paris ní 2020. Ẹ gbọ́ ìlù tó lù fún Fẹlá. Orin lè lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ máa rò pé ohun kan náà ló ń lù. Ẹ wá tẹ́tí sí hi-hat àti kick rẹ̀ dáadáa. Ó ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, síbẹ̀ ijó ò dúró.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ lọ́dún tó kọjá tí ẹnì kan gbé iṣẹ́ fídíò yìgì fún mi. Ó fẹ́ ìlù ilé wa níbẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ kó dún bí ti àwọn ọ̀dọ́. Mo wá bàbá onílù kan lọ lápá Ọjà-Ọba, mo gba ohùn ìyáàlù rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kí àwọn ẹbí, ó ki ìyá ìyàwó, Àdùkẹ́, ó sì ṣàdúrà. Mo gbé e sínú Slicex. Kọ̀ǹpútà wá gbogbo ibi tí ọ̀pá ti kan awọ, ó gé e sí ègé 43. Mo ṣẹ́ kèké lé e lórí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn! Èmi nìkan ni mo ń jó nínú yàrá. Mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ bàbá.

Kò pẹ́ tí bàbá fi pè mí. Kò kí mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo ń dẹ́rù bà?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ìbínú ni. Àṣé ohun tó gbọ́ ló ń sọ fún mi. Àdùkẹ́ lórí ìlù jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Kọ̀ǹpútà ti gbé òkè wá síwájú, ó wá di òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Ẹ pè é fúnra yín: dẹ́rù bà. Àti pé Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àkànní, Àyìndé, ohùn kan náà ni gbogbo wọn lórí ìlù. Ọ̀rọ̀ tó yí orúkọ ká ló ń jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ ìlù mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Mo ti tú ìyẹn náà ká. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa fi fídíò yẹn hàn lójú àwọn àgbà tó máa jókòó síwájú, Ìlọrin sì ni. Èyí tó gbọ́ ìlù nínú wọn ò ní kéré. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè la wà.

Mo ti rò pé ìlù ni ìlù. Ìlù Coleman kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá gbé snare rẹ̀ sẹ́yìn kick, kò sí ẹni tí ẹ bú. Ẹ̀rọ tó ń wá ibi tí ọ̀pá ti kan awọ ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni ibi tí bàbá ti jọ̀wọ́ ọṣán, tí ohùn ń yọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ ti bẹ́ ẹ láàárín, ó wá kù gbalaja bíi ohùn àárín.

Mo bẹ bàbá, mo lọ gbé e wá sí Táńkẹ̀. Ó jókòó tì mí láti ìrọ̀lẹ́ di ìgbà tí iná lọ. Ó ní kí n máa dá a dúró níbi tí gbólóhùn bá ti parí, kó máa sọ ohun tó wí fún mi, kí n máa fi ọ̀rọ̀ náà sọ ègé náà lórúkọ. Ègé 43 di gbólóhùn mẹ́sàn-án. Mo bi í bóyá kọ̀ǹpútà lè ṣẹ́ kèké lórí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ní ìkíni ò lè tẹ̀yìn àdúrà wá, àti pé orúkọ àti oríkì ò gbọdọ̀ pínyà. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló gbà pé wọ́n lè pààrọ̀ ipò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin, bí mo ṣe ṣòfin fún snare. Ó gbà kí n gbé gbogbo ohùn náà sókè tàbí sísàlẹ̀ lápapọ̀, torí àlàfo òkè sí ìsàlẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa ìlù náà gùn kó lè bá tempo mu, ó ní ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí. Ìyẹn náà jáde.

Gúdúgúdú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo wá fi kèké mi dá lára yá. Nínú agbo dùndún, gúdúgúdú ló ń di ìlù mú, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa ti pín iṣẹ́ yẹn kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Fídíò náà jáde ní Sátidé. Orúkọ bàbá wà níparí rẹ̀. Owó ọjọ́ kan ni mo ti san fún un tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Coleman yẹn, a jọ sọ ọ́ pé ìgbàkígbà tí mo bá tún lo gbólóhùn rẹ̀ nínú iṣẹ́ tó mówó wọlé, ó ní tirẹ̀ níbẹ̀. Kò pọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ránṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tó wá sí sítúdíò, kí n tó gbé e padà sílé, mo jẹ́ kó gbọ́ gúdúgúdú tí kọ̀ǹpútà ń tò. Ó tẹ́tí sí i títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí, mo lè bá a ṣeré." Ó sì gbé ìyáàlù kọ́ apá. Mo ti tẹ bọ́tìnnì kó tó bẹ̀rẹ̀. Òun lẹ máa gbọ́ báyìí. Ó dìgbà kan ná o.