Bí Iyè Bá Ra Kí Ẹ̀mí Tó Lọ

Bí mo bá dárúkọ ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò fi ọwọ́ yí orí ká pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Èmi náà ṣe Àmín sí i. Ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kí a má ṣètò.

Màmá mi ta aṣọ ní Ìbàdàn fún ohun tó lé ní 30 ọdún. Ní 2014, ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n. Nígbà tó di 2016, wọ́n ń bi mí pé ọmọ ta ni mí. Owó wọn wà ní báǹkì, orúkọ mi ni wọ́n sì kọ sí fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí next of kin. Èmi òṣìṣẹ́ ọba, tí mò ń fún àwọn ẹlòmíràn ní fọ́ọ̀mù kọ, mo gbọ́kàn lé e. Ọmọbìnrin tó wà ní báǹkì dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú, sà. Màmá ṣì wà láàyè, àwọn nìkan ló lè buwọ́ lù ú."

Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n di àtàǹpàkò wọn mú, kí n fi tẹ ìwé. Díẹ̀ ló kù kí n ṣe é. Ọdún mẹ́ta ni a fi yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ra oògùn fún ẹni tó ní owó ní báǹkì. Nígbà tí wọ́n sun nínú Olúwa ní 2019, next of kin náà kò tíì tó: a ṣì ní láti gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga.

Ẹ̀yin ará, ìwé mẹ́ta ni àwọn ènìyàn wa gbọ́kàn lé jù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gba ẹni tó wà láàyè tí iyè rẹ̀ ti ra.

Èkíní ni next of kin. Ẹni tí a ó ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Kò sọ ẹnikẹ́ni di ajogún, kò sì fún un ní àṣẹ láti buwọ́ lùwé.

Èkejì ni ìwé ìhágún. Ó dára, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n Hébérù orí 9 ti kọ́ wa pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lágbára nígbà tí ẹni tó ṣe é ṣì wà láàyè.

Ẹ̀kẹta ni ìwé àṣẹ aṣojú, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní power of attorney. Ní Nàìjíríà, èyí tí òbí fún ọmọ láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń pin lọ́jọ́ tí ọpọlọ òbí náà kò bá pé mọ́, ìyẹn ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ibẹ̀ yàtọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba èyí tó ń dúró lẹ́yìn tí iyè bá ra, bí a bá ti ṣe é nígbà tí ọpọlọ pé, tí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Kí ni kí a ṣe níhìn-ín?

Ẹ kọ ìwé ìhágún nísinsìnyí. Ẹ buwọ́ lù ú níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ pín nǹkan fún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù rẹ̀. Ẹ fi í pamọ́ sí Probate ní ilé ẹjọ́ gíga.

Ẹ lè fi ilé tàbí owó sí abẹ́ àbójútó ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fọkàn tán, kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ pé ìtọ́jú yín ni kí wọ́n fi ṣe. Ètò yìí kì í wó bí iyè bá ra, nítorí ohun ìní náà ti wà lọ́wọ́ wọn lábẹ́ òfin.

Ẹ pe gbogbo ọmọ jọ, kì í ṣe àkọ́bí nìkan. Ẹ sọ ẹni tí yóò bá dókítà sọ̀rọ̀ àti ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ó bá ti pẹ́ jù fún òbí yín, ẹ mú agbẹjọ́rò lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ má ṣe di ọwọ́ arúgbó mú tẹ ìwé tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Olè ni, kódà bí oògùn ni a fẹ́ fi ra.

Ẹ rántí Dáfídì nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 1. Ó darúgbó, aṣọ kò mú un móoru mọ́, Àdóníjà sì ti fi ara rẹ̀ jọba. Nígbà tí Bátíṣébà àti Nátánì wọlé, ó ṣì lè sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Sólómọ́nì sì yanjú lọ́jọ́ náà. Bí iyè rẹ̀ bá ti ra lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ńkọ́?

Òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ọ̀nà fún àwọn ọmọ wa láti fún wa mu, nígbà tí a ṣì mọ orúkọ wọn.

Olúwa yóò jẹ́ kí iyè wa pé títí dé òpin. Àmín.