Àpò Kékeré tí Sẹ́ẹ̀lì Fi Ń Ránṣẹ́

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Ohun tí mo mú wá kò ṣeé fi ojú lásán rí.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa a máa tú àpò tín-ín-tín tí awọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí a ń pè ní exosome nínú wọn kò ju nǹkan bí 30 sí 150 nanomítà ní ìbú. Bí a bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 10,000, ìpín kan rẹ̀ ni 100 nanomítà. Ní 1983, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà rí i, ohun tí wọ́n rò ni pé pàǹtírí ni sẹ́ẹ̀lì ń gbá dànù. Iṣẹ́ tí ó jáde láti Gothenburg ní Sweden ní 2007 ni ó fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì a máa fi àpò náà ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ń fẹ́ rán èérún irin tàbí wúrà wọ inú ara, kí ẹ̀rọ lè fi í rí ibi tí àrùn sá pamọ́ sí, tàbí kí oògùn lè bá a débẹ̀. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe ìlú tí kò ní oníbodè. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé àjèjì mì. Ẹ̀dọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èérún náà ń parí ìrìn sí. Kí ni àwọn onímọ̀ kan ní Paris ṣe? Oníbodè gan-an ni wọ́n lọ bá! Wọ́n fún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ní èérún irin gbé mì, wọ́n febi pa á, ó sì tú àpò jáde pẹ̀lú irin nínú rẹ̀. Àlejò ti wọ aṣọ ẹbí. Ẹ̀rọ MRI lè rí i, òòfà sì lè fà á. Ní Oxford, ní 2011, wọ́n fi irú àpò yìí gbé ohun ìwòsàn gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ eku, níbi tí ọ̀pọ̀ oògùn kì í lè wọ̀.

Eku ni mo wí o, n kò wí ènìyàn. Síbẹ̀ àwọn kan ti ń tà á. Ní oṣù Kejìlá 2019, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún aráyé lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ exosome pa àwọn aláìsàn kan lára ní Nebraska. Wọ́n ní àwọn kò tíì fọwọ́ sí ẹyọ kan. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ lókè òkun, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó abẹ́rẹ́ yìí fún orúnkún tàbí fún ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ tó ká apá aṣọ sókè, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀.